Ọ̀gá mi ní Lágéré àti ìwé tí Jámánì ń béèrè

Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì níbi iṣẹ́ wa ní Leipzig, ní Jámánì, ọmọ ọdún 19 kan tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń gbé ìwé kan wá síwájú mi. Ohun tó ṣe láti ọjọ́ Ajé ló wà nínú rẹ̀: wáyà tó so, ẹ̀rọ tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, iye wákàtí tó lò lórí rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń kà á kí ọ̀gá wa tó buwọ́ lù ú. Bí mo bá ti ṣí ìwé yẹn báyìí, Lágéré ní Ilé-Ifẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ.

Ọdún 2020 ni. Àrùn kòrónà àti ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti lé gbogbo wa kúrò ní OAU, ó di oṣù Kejìlá kí ìyanṣẹ́lódì náà tó parí. Màmá mi ní òun ò lè máa wò mí kí n máa sùn kí n máa jí. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Lágéré, ó san owó ìkọ́ṣẹ́, ó sì ra irin tí a fi ń jó sódà fún mi. Mo ti lo ọdún mẹ́ta nídìí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì nígbà náà. Mi ò tíì tú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo rí.

Ọ̀gá kì í sáré tú nǹkan oníbàárà. Á kọ́kọ́ bi í pé, "Kí lẹ ń fi í ṣe lọ́wọ́ kó tó kú?" Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa tó ṣí i, á gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ sún mọ́ imú, á sì ní kí èmi náà gbóòórùn ẹ̀. Òórùn èyí tí iná jó yàtọ̀. Èyí tí omi wọ̀ kì í rùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n téèyàn bá tẹjú mọ́ ọn, á rí nǹkan aláwọ̀ ewé lára rẹ̀ bíi ti búrẹ́dì tó ti bu. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí a ń jó sódà lọ́wọ́, irin á tutù, a ó dúró kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn, ká tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ní Leipzig, iná kì í lọ. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, gbogbo ẹni tó ti kúrò nílé ló ti sọ ọ́.

Ìkọ́ṣẹ́ gan-an ló gbà mí lọ́kàn. Ọmọ-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbí máa ń lo ọdún mẹ́ta, ọjọ́ mìíràn níbi iṣẹ́, ọjọ́ mìíràn nílé ìwé. Dípò kó sanwó fún ọ̀gá, ọ̀gá ló ń sanwó fún un: ní 2024, òfin ní kò gbọ́dọ̀ dín sí Yúrò 649 lóṣù fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá fẹ́ parí, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ tó jẹ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi nǹkan bíi wákàtí 40 ṣe iṣẹ́ gidi kan fún ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, á wá dúró níwájú àwọn aṣèdánwò tí ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ilé-iṣẹ́ yàn. Ìwé tó bá gbà, kò síbi tí wọn ò ti kà á sí ní Jámánì.

Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gba òmìnira, wọ́n gbàdúrà, a jẹ ìrẹsì, ọ̀gá fún mi ní ìwé tí fọ́tò òun fúnra rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára ìwé yẹn kò kọjá Sábó.

Nítorí náà mo lọ wá ìwé mìíràn. Ní 2022, dọ́là 300 ni ìdánwò CCNA, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń ṣe. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí nígbà yẹn jẹ́ 30,000 náírà. Kódà ní iye tí ìjọba ń pe dọ́là, ìdánwò kan ju owó oṣù mẹ́rin lọ. Káàdì báńkì mi kò sì gbà kí n ná ju dọ́là 20 lọ lóṣù sí òkè òkun. Àǹtí mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló bá mi san án. Mo wọ mọ́tò lóròòwúrọ̀ láti Ifẹ̀ lọ ṣe é ní Èkó, mo yege. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àfi kéèyàn sọ ọ́ dọ̀tun.

Ìwé yẹn àti dìgírì mi ló jẹ́ kí wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Leipzig yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bi mí ni pé kí n sọ nípa ẹ̀rọ kan tó gbó mi lẹ́nu. Mo sọ ti kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a fi ọjọ́ mẹ́rin wá àléébù rẹ̀ ní Lágéré. Wọ́n ń bi mí, mo ń dáhùn, inú mi sì ń dùn. Ọ̀gá mi ló ń dáhùn láti ẹnu mi.

Àwọn ará ibí kò ní òṣìṣẹ́ tó. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ wọn, Bitkom, ka 149,000 àyè iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ṣófo ní 2023. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà, ẹni tí kò ní dìgírì pàápàá lè gba ìwé ìgbélùú wọn tí wọ́n ń pè ní Blue Card, bó bá ti rí iṣẹ́ tí owó rẹ̀ tó, tó sì ti ṣe irú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láàárín ọdún méje. Nígbà tí mo kà á, ọ̀gá mi ni mo kọ́kọ́ rò. Ó ti lé ní ọdún 15 nídìí iṣẹ́. Níbo ló ti fẹ́ rí ìwé owó oṣù? Ta ló gbà á síṣẹ́ tó máa kọ lẹ́tà fún un? Mi ò ní kó fi Ifẹ̀ sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ kan lọ wá iṣẹ́ ní Ibadan lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì lé e padà nítorí pé kò ní ìwé, bẹ́ẹ̀ ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ó dùn mí wọra.

Mo pe ọ̀gá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé fún àwọn ọmọ yẹn, kí wọ́n máa kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, kẹ́yin náà máa buwọ́ lù ú." Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n á gbà á lọ́dọ̀ tiyín lọ́hùn-ún?" Mo ní mi ò lè ṣèlérí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ á rí nǹkan kà.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ olójú ewé 60 ni, bírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́: "HP. Kò tàn. Omi wọ̀ ọ́. Ọjọ́ 2." Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ déètì sí i.