Lórí Òkè Adó, Létí Ìyákè

Àbúrò mi obìnrin ló ní kí á lọ wo Ìyákè, adágún tó wà lórí òkè l'Adó-Àwáyé. Láti Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òfì, la ti wọ mọ́tò lówùúrọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, koríko ẹ̀bá ọ̀nà ti gbẹ, wọ́n sì ti sun òmíràn. Kò pẹ́ tí òkè náà fi yọ sí wa, àpáta ràgàjì lẹ́yìn ilé àwọn ará ìlú.

Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sí ara òkè. Bàbá tó mú wa gùn ún ti dàgbà gan-an, síbẹ̀ kò mí hẹlẹ. Bí a bá dúró sinmi, á ní, "Ẹ rọra, ẹ̀yin ọmọ mi. Àwọn tó gbé orí òkè yìí, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn ni wọ́n fi ń gùn ún, kò sì sí àtẹ̀gùn nígbà náà."

Ìlú ni orí òkè yìí rí. Ibẹ̀ ni àwọn ará Adó sá di nígbà ogun, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀, bí àwọn ará Ìdànrè náà ti ṣe. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí oko, mo rí òrùlé páànù, mo rí ọ̀nà tí a gbà wá, ó tín-ín-rín bí òwú. Kò sí ọ̀tá tó lè yọ́ wá bá wọn. Ṣùgbọ́n bí omi kò bá sí lókè, ọjọ́ mélòó ni wọn ì bá fi sá pamọ́?

A kọjá lára Ìṣàgè, òkúta ńlá tó dúró lóòró, tí ìdí rẹ̀ kéré débi pé àbúrò mi kọ̀, kò sún mọ́ ọn. Wọ́n ní nígbà ọ̀dá, aṣọ funfun ni wọ́n máa ń ró fún un kí òjò lè rọ̀. A tún rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn kòtò ara àpáta tí wọ́n gbà pé àwọn baba ńlá ló tẹ̀ ẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan. Ó gbóná, ó sì dán nísàlẹ̀.

Ìyákè fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ tó bí mo ti rò. Omi rẹ̀ ṣú díẹ̀, koríko wà létí rẹ̀, lámilámi ń fò lórí rẹ̀. Orí àpáta ló wà, oòrùn ń pa á, síbẹ̀ wọ́n ní kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ì báà le tó báwo. Obìnrin méjì ń gbàdúrà níbẹ̀ láìwọ bàtà. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń wojú Olúwa fún ọmọ ti ń wá sí etí omi yìí. A ní ẹ kú àdúrà, wọ́n dá wa lóhùn, a sì yà fún wọn.

Nígbà tí àbúrò mi fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi, Bàbá fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn. Ó ní kò nísàlẹ̀, ayé mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í padà.

Hanging Lake, adágún orí òkè tó wà ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìkejì Ìyákè, tí wọ́n á ní irú adágún bẹ́ẹ̀ méjì yìí nìkan ló wà láyé. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọdún 2019 ni wọ́n ti fi gbèdéke lé iye ènìyàn tó ń lọ, 615 lóòjọ́ nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ inú omi náà. Òfin ló ń ṣọ́ tiwọn. Tiwa, èèwọ̀ ni. Èmi gbà pé àwọn tó kọ́kọ́ sọ pé omi yìí kò nísàlẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: omi tí ìlú gbójú lé, wọn kò ní jẹ́ kí ọmọdé sọ ọ́ di ibi ìlúwẹ̀ẹ́.

Ó dùn mí wọra nígbà tí mo rí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà nínú koríko létí Ìyákè. Àwa àlejò là ń jù ú síbẹ̀, a kò bá èèwọ̀ náà dàgbà. Èmi àti àbúrò mi ṣà á, ó kún àpò wa. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wà lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa sọ ìtàn yìí fún àlejò ní ìdí àtẹ̀gùn kó tó gbẹ́sẹ̀.

Mo bi Bàbá bóyá ó ti kọ́ ẹnìkan ní ìtàn náà. Ó ní Ìbàdàn ni àwọn ọmọ òun wà, ọmọ-ọmọ òun nìkan ló ń bá òun gòkè nígbà ọlidé. Mo ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Bí ọlidé bá ti dé, màá padà lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ọmọ náà wà níbẹ̀.