Switch tí wọ́n ń bọ bí òrìṣà

Ibì kan wà tí mò ń ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ wọn, switch kan, ẹ̀rọ tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ kí wọ́n lè bára wọn sọ̀rọ̀, wà nínú data center wọn (ibi tí wọ́n kó àwọn server, kọ̀ǹpútà ńlá, jọ sí) tó ti lé lọ́dún 6 tí wọn ò tíì pa á kí wọ́n tún un tàn. Tẹ́ ẹ bá wọ orí ẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ show version, uptime ẹ̀ (iye àkókò tó ti wà lórí iná láì kú) á jáde gbàgàdà, ọdún 6 àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n tá a jọ wà níbẹ̀ á sì máa fi han àlejò bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rack yẹn kọjá á rọra máa wo ilẹ̀ kó má lọ fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, àfi bí ẹni wọ igbó orò. Èmi ò wá lè pa ẹnu mi mọ́, mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé software tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ti gbé e sí i, gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́.

Ẹ gbọ́ ná, switch tí ò tíì restart láti ọdún 6, software ọdún 6 sẹ́yìn náà ló ń lò. Gbogbo ihò tí ọlọ́ṣà lè gbà wọlé tí àwọn tó ṣe é ti rí tí wọ́n sì ti dí látìgbà yẹn, gbayawu ló ṣí sílẹ̀ lára tiwa. (Mo mọ̀ pé àwọn switch ńlá kan wà tó lè gba software tuntun láì kú, eléyìí ò sí lára wọn, ẹ má bá mi jà.) Ìyẹn la wá ń yangàn lé lórí? Uptime kì í ṣe oyè jàre.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n yìí kan náà, tí update bá já sórí fóònù wọn, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbọ́ pé ó jáde. Fóònù tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni owó báńkì wọn wà, ibẹ̀ ni fọ́tò àwọn ọmọ wà, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, switch ni wọ́n wá ń bẹ̀rù. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo wá rí i pé kì í ṣe pé wọ́n ya ojo. Fóònù ní ọ̀nà àbọ̀, ìyẹn ọ̀nà tó lè gbà padà sẹ́yìn tí nǹkan bá bàjẹ́, switch yẹn ò ní.

Látìgbà Android 7.0, lọ́dún 2016, ni Google ti gbé nǹkan tí wọ́n ń pè ní A/B wọ inú fóònù. Bó ṣe rí ni pé yàrá méjì ló wà fún system, ẹ̀yin ń gbé inú A, update á máa lọ tún B ṣe lẹ́yìn yín, ẹ ṣì ń chat, ẹ ṣì ń wo fídíò, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ti restart, ẹ kàn kó lọ sí B ni. Tí B bá wá kọ̀ tí kò ṣí, fóònù á padà sí A fúnra ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló tètè gbà á o, àwọn kan fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ́ra, ṣùgbọ́n lójú tèmi nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ń ṣe sí fóònù, kámẹ́rà olójú mẹ́rin àti síkíríìnì tó ń ká bí ìwé, kò séyìí tó tó o.

Síbẹ̀ èmi kì í tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bá jáde. Ẹni tó ra iPhone 6 lọ́dún 2014 á rántí iOS 8.0.1. Fóònù yẹn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́jà, update jáde, àwọn tó yára tẹ̀ ẹ́ bá rí i pé network ti lọ ráúráú, Touch ID náà ò mọ ìka wọn mọ́. Fóònù tí ò lè pe èèyàn, kí la fẹ́ fi ṣe? Apple sáré fà á padà láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n gbé 8.0.2 jáde lọ́jọ́ kejì. Látìgbà náà ni mo ti gbà kí àwọn oníkánjú máa bá mi tọ́ ọ wò, ọjọ́ 5, ọjọ́ 6, tí mi ò bá ti gbọ́ igbe, mo tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ ká dúró wòye yàtọ̀ sí ká lọ sùn o. Oṣù March 2017 ni Microsoft ti gbé àtúnṣe sí ihò tí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú Windows, gbà wọlé jáde. Ọjọ́ 12 oṣù May ni WannaCry wá bẹ́ sílẹ̀, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó ń ní kí wọ́n wá sanwó, ó ṣe àwọn ọsibítù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Nǹkan bí oṣù méjì ni oògùn ti wà nílẹ̀ tí wọn ò lò ó. Nítorí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé òun kì í ṣe update rárá torí pé òun gbọ́n, mo máa ń wò ó ni.

Kì í ṣe pé ẹ̀bi wọn náà ni gbogbo ẹ̀ sà. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé update jáde náà ló kọ́ àwọn èèyàn láti má gbà wọ́n gbọ́. Lóṣù January 2017, iOS 10.2.1 wọlé pẹ̀lú nǹkan kan nínú ẹ̀ tó ń dín eré iPhone tí bátìrì ẹ̀ ti gbó kù, kó má bàa máa kú lójijì. Nǹkan tó mọ́gbọ́n dání ni, bátìrì tó ti rẹ̀ ò lè gbé eré yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò la ọ̀rọ̀ ọ̀hún yé àwọn tó ni fóònù, ó di December kí wọ́n tó jẹ́wọ́ lẹ́yìn táwọn kan ti dán an wò tí wọ́n sì ti rí i, wọ́n wá tọrọ àforíjì, wọ́n já owó bátìrì tuntun wálẹ̀ láti dọ́là 79 sí 29. Látìgbà yẹn, gbogbo fóònù tó bá ti ń fà díẹ̀, update ni wọ́n ń di ẹ̀bi rù. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, kò sẹ́ni tí ì bá pariwo.

Ní ti fóònù, èyí tó kù ò gùn: iye ọdún tí wọ́n á fi máa fún un ní update ni mo fi ń ra fóònù báyìí. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 lọ́dún 2023, Samsung náà sọ bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ fóònù Android tá a rà tẹ́lẹ̀, tó bá ti gba ọdún méjì, omi ti tán lẹ́yìn ẹja ẹ̀ nìyẹn. Ní ti Windows, inú mi ò dùn sí wọn. Wọ́n pa Windows 10 tì lọ́jọ́ 14 oṣù October 2025, wọ́n sì ní Windows 11 ò ní wọ láptọ́ọ̀pù tí ò bá ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà) àti processor tí wọ́n fọwọ́ sí. Láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń sáré bí ẹhànnà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mo ti gbé Linux sórí tèmi dípò Windows.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀nà àbọ̀, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọjọ́ 19 oṣù July 2024, CrowdStrike gbé fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ sí software ààbò wọn tó wà lórí Windows. Kì í tiẹ̀ ṣe Windows fúnra ẹ̀ ni wọ́n ṣe update fún. Kọ̀ǹpútà tí Microsoft ṣírò ẹ̀ sí mílíọ̀nù 8.5 bá ṣubú, síkíríìnì búlúù, bàálù ò fò, báńkì dúró. Wákàtí kan ààbọ̀ ò tíì pé tí wọ́n fi fa fáìlì yẹn padà, ìṣẹ́jú 78 péré, ẹ ò rí i pé wọ́n tètè mọ̀? Kí ló wá dé tí ìyà fi gùn tó bẹ́ẹ̀? Ìdí ni pé kọ̀ǹpútà tó ti ṣubú ò lè ṣí débi tó máa fi dé íntánẹ́ẹ̀tì kó lọ mú àtúnṣe. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí. Èèyàn ló ní láti fẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀pọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi Safe Mode wọlé, kó pa fáìlì yẹn rẹ́, tí wọ́n bá wá fi BitLocker ti dísìkì pa, ẹ tún wá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì rèé, orí server tóun náà ti ṣubú ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ pa mọ́ sí. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Ti Facebook lọ́jọ́ 4 oṣù October 2021 náà nìyẹn, àfi pé orí network ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ń tún nǹkan ṣe bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, wọ́n tẹ àṣẹ kan pé àwọn fẹ́ wo bí ààyè ṣe kù sí lórí ọ̀nà tó so àwọn data center wọn pọ̀, àṣẹ yẹn bá já gbogbo ọ̀nà náà. Nǹkan tó yẹ kó dá àṣẹ burúkú dúró wà níbẹ̀ o, bug wà lára òun náà. Àwọn server DNS wọn, tó ń sọ ibi tí orúkọ ìkànnì kọ̀ọ̀kan wà, wá rí i pé àwọn ò rí data center mọ́, wọ́n rò pé àwọn ló ń ṣàìsàn, wọ́n bá fi BGP (ohun tí àwọn network fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn) kó ara wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Facebook, Instagram, WhatsApp, gbogbo wọn wọlẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6. Irinṣẹ́ tí àwọn ẹnjiníà ì bá fi tún un ṣe, orí network yẹn kan náà lòun náà wà. Ó di pé kí wọ́n gbéra lọ síbẹ̀, ibẹ̀ náà sì rèé, wọ́n kọ́ ọ kó le láti wọ̀.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń to network data center lóde òní nìyẹn. Ti àtijọ́, switch ńlá méjì ló máa wà lókè, gbogbo nǹkan á wá rọ̀ mọ́ wọn, ètò kan tí wọ́n ń pè ní spanning tree á tún dí ọ̀kan nínú wáyà méjì pa kí ọ̀rọ̀ (data tó ń gba orí wáyà) má bàa máa yí po. Ẹ ra wáyà méjì, ẹ̀ ń lo ọ̀kan! Èyí tí wọ́n ń pè ní leaf àti spine ò rí bẹ́ẹ̀. Leaf ni switch tí server so mọ́, spine ni switch tó so àwọn leaf pọ̀. Èrò àgbà ni, ọdún 1953 ni Charles Clos ti kọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Gbogbo leaf ló so mọ́ gbogbo spine, ọ̀rọ̀ á pín ara ẹ̀ sórí gbogbo ọ̀nà tó bá gùn dọ́gba. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Tí spine bá jẹ́ 4, ẹ mú ọ̀kan kúrò láti ṣe update fún un, ìdá kan nínú mẹ́rin ààyè ló lọ, ẹni tó ń lo app yín ò ní mọ̀. Tó bá wá jẹ́ BGP lẹ fi ń darí ẹ̀ (RFC 7938, ìwé àlàyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2016, ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, ó sì ṣe é kà), ẹ kàn máa jẹ́ kí ọ̀nà spine yẹn gùn sí i lójú àwọn tó kù, ọ̀rọ̀ á rọra yà kúrò lórí ẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ wá pa á ní ọ̀sán gangan. Ti leaf ló nira díẹ̀, torí server tó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró, ìyẹn wáyà kan sí leaf kan, leaf ẹ̀ kú, òun náà kú. Ẹ fún server lẹ́sẹ̀ méjì.

Òrìṣà tiwa ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó gbà. Mi ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan software rárá, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n là, wáyà console (èyí tí wọ́n fi ń bá switch sọ̀rọ̀ tààrà) tó lọ sórí ẹ̀rọ kékeré kan tó ní síìmù tiẹ̀, tí kò gba ọ̀dọ̀ switch yẹn kọjá rárá. Wọ́n ní mo ń ṣọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà a gbé switch kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a so ẹsẹ̀ kejì àwọn server mọ́ ọn. Mo wá ní ká wo config (ètò tí wọ́n tẹ̀ sínú switch) tó wà lórí iná àti èyí tí wọ́n fi pa mọ́, bóyá wọ́n bára mu.

Wọn ò bára mu. VLAN méjì (ìpín network tó ya àwọn ẹ̀rọ sọ́tọ̀) àti ọ̀nà kan wà lórí iná tí kò sí nínú èyí tí wọ́n fi pa mọ́, ẹnì kan ti tẹ̀ ẹ́ sí i nígbà kan tí kò rántí fi í pa mọ́. Ìyẹn ni pé gbogbo ọdún tá a fi ń bọ ọ́ yìí, ká ní iná kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, á jí dìde láìmọ ìdajì àwọn ọmọ ẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa mọ ohun tó sọnù. Ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn uptime yẹn jù jókòó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun lómi.

A pa á lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, aago 1 òru. Ìṣẹ́jú 11 ló fi dúró kó tó dáhùn, èmi náà ò ní purọ́, àyà mi já ní ìṣẹ́jú kẹjọ, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn ló jẹ́ kí n máa rí ohun tó ń kọ sílẹ̀ bó ṣe ń jí. Port kan ò tàn mọ́, transceiver ẹ̀ (ohun kékeré tí wáyà ń wọ̀) ti gbó, kò sẹ́ni tó mọ̀ torí server tó wà níbẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kejì dúró.

Ọjọ́ 19 ni uptime ẹ̀ kà láàárọ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n wa ní ó kéré tán kí n jẹ́ kó pé ọdún kan kí n tó tún dé ibẹ̀. Mo ní ẹ má bínú sà, oṣù tó ń bọ̀ la tún ń pa á.