Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ẹ́ńjìnnì kan náà nítorí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì

Rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù mi ń mu omi, mi ò sì mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú, kò sí họ́ọ̀sì kankan tó rin. Mo ń rọ omi lé e lójoojúmọ́, mo ń tan ara mi pé á ti ara rẹ̀ dáwọ́ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ṣíná ọkọ̀, èéfín funfun bá ń tú jáde nídìí sàlẹ́ńsà, ó ń ta òórùn dídùn bíi ṣúgà tó ń jóná. Bí òtútù bá mú, kò sí ọkọ̀ tí kì í yọ irú èéfín bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó yẹ kó pòórá. Tèmi ò pòórá. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì ti dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ nìyẹn. Pẹlẹbẹ kan ni, tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù àti orí ẹ́ńjìnnì tí à ń pè ní tọ́ọ̀pù. Iná, omi àti ọ́ìlì ń kọjá nítòsí ara wọn níbẹ̀; òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n pàdé. V8 àtijọ́ ni ẹ́ńjìnnì mi, onírin látòkè délẹ̀. Sílíńdà mẹ́rin wà lápá kan, mẹ́rin lápá kejì, nítorí náà tọ́ọ̀pù méjì ló ní, gásíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe iṣẹ́ náà nílé láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ti àkọ́kọ́ kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí mo lò kò ní àléébù kankan. Ojú irin tí mo gbé e lé ló ní.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bolt kankan, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé òun ni. Èmi wọn compression sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ìyẹn bí kálukú ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló lọ sílẹ̀ gan-an, àwọn yòókù wà dáadáa. Bí aládùúgbò méjì bá jọ ṣàìsàn báyìí, àfàìmọ̀ ni kò fi jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná láàárín wọn. Irinṣẹ́ kan tún wà tí a ń gbé sẹ́nu rédíétọ̀: omi aró inú rẹ̀ máa ń kúrò ní búlúù di yẹ́lò bí èéfín inú sílíńdà bá ti ń wọ inú omi. Tèmi yí padà kíá. Àmọ́ ìdọ̀tí funfun lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan kò tó ẹ̀rí o. Ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà lásìkò òtútù máa ń ní in láìsí àìsàn kankan.

Títú rẹ̀ kò le, ó kàn ń gba àkókò ni. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí ẹ tó ṣí omi rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ti ìdí búlọ́ọ̀kù náà, torí èyí tó bá kù síbẹ̀ á dà sínú sílíńdà bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀pù. (Coolant, ìyẹn omi rédíétọ̀ tí a po kẹ́míkà mọ́, ń dùn lẹ́nu ajá, ó sì ń pa á. Ẹ bo ọpọ́n yín.) Mo ya fọ́tò ohun gbogbo. Mo dá ihò 16 sára páálí, mo kọ nọ́ńbà sí i, mo sì ki push rod (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá wọn ṣí fáàfù) kọ̀ọ̀kan bọ ihò tirẹ̀, nítorí ibi tí kálukú wọn ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sí. Láti ìpẹ̀kun wá sí àárín ni ẹ óò ti máa dẹ bolt, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dá gbé tọ́ọ̀pù onírin. Ẹ̀yìn mi kò tíì gbàgbé.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí. Nígbà àkọ́kọ́, mo ha ojú irin náà títí ó fi ń dán, mo gbójú wò ó, mo ní ó tẹ́. Nígbà kejì, mo wá rúlà onírin tó tọ́ gan-an àti feeler gauge, àwọn abẹ pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo. Mo gbé rúlà lé tọ́ọ̀pù náà lóòró, níbùú, àti láti igun dé igun. Abẹ 0.05 mm wọ abẹ́ rẹ̀. Ti 0.1 mm, tí ìwé ẹ́ńjìnnì náà ní kó má kọjá, wọlé. Ti 0.2 mm náà yọ́ wọlé láàárín. Ooru tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ti tẹ irin, èmi sì gbé tuntun lé ohun tó wọ́. Mo kó tọ́ọ̀pù méjèèjì lọ fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé ojú irin, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ti sán, kí wọ́n sì mú wọn tẹ́jú. Méjèèjì o. Bí ẹ bá gé ọ̀kan tí ẹ fi èkejì sílẹ̀, manifold, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tó jókòó sáàárín wọn kò ní jókòó ire mọ́.

Ihò bolt tún wá ńkọ́? Mo ti fojú kéré wọn pátápátá. Ìpẹtà àti gọ́ọ̀mù gbígbẹ kún inú wọn, torque wrench mi (sípánà tó ń wọn agbára dídì) sì ń dún pé agbára ti pé nígbà tó jẹ́ pé ìdọ̀tí ni bolt ń bá jà, kò tíì di tọ́ọ̀pù mú. Ẹ fi thread chaser, irinṣẹ́ tó ń nu ojú ihò bolt láìgé irin, nù wọ́n, kì í ṣe tap tó ń gé irin, kí ẹ sì fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìdọ̀tí jáde pẹ̀lú ìbòjú lójú yín. Ihò tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí gbọ́dọ̀ gbẹ: bí omi tàbí ọ́ìlì bá kún ibẹ̀, bolt á tì í títí búlọ́ọ̀kù á fi sán. Ní ti ẹ́ńjìnnì mi, àwọn bolt kan kọjá sínú omi, àwọn wọ̀nyí ń fẹ́ gọ́ọ̀mù lára. Mi ò fi sí wọn nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti fi òkúta tó ń ha irin, tó ń yí bíríbírí, fọ ojú búlọ́ọ̀kù. Erùpẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sínú ọ́ìlì, á sì jẹ bearing, ibi tí àwọn ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lé, tán. Abẹ, ọwọ́ pẹ̀lẹ́, àti aṣọ tí ẹ dì mọ́ ẹnu sílíńdà ti tó.

Ìpele mẹ́ta ni mo fi di bolt, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́: 25, 45, lẹ́yìn náà 65 foot-pounds (ìwọ̀n agbára dídì). Ẹ má yá nọ́ńbà mi lò. Ẹ́ńjìnnì míì ń lo bolt tó ń nà, tí a kì í lò lẹ́ẹ̀mejì, tí a sì ń fi ìwọ̀n igun parí dídì rẹ̀.

Ó ku ohun tó fa ooru gan-an. Mo gbá rédíétọ̀ mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná tí mo pa á: ìlàjì rẹ̀ gbóná, ìlàjì tutù. Ó ti dí. Mo pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú thermostat, èyí tó ń ṣí ọ̀nà fún omi bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Bí mi ò bá ṣe é, ẹ̀kẹta ni mo ń lọ yẹn.

Mo da ọ́ìlì nù lójú ẹsẹ̀, mo tún da òmíràn nù lẹ́yìn ìrìn kúkúrú kan, torí omi kì í jáde tán lẹ́ẹ̀kan. Mo fa ìlà kan sára ike omi ọkọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń lọ wò ó láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu. Omi kò kúrò lójú ìlà.