Ìgbà wo ni baba yìí máa tó jókòó?

Òjò rọ̀, iná ò sí, mo lọ gẹrun. Ìròyìn òní tán.

Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin kan sọ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ò kúrò létí mi. Claudio Ranieri, baba akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ará Ítálì, ni wọ́n ń wò lórí fóònù. Ọmọ náà yọjú wò ó, ó pòṣé: “Ìgbà wo ni baba yìí máa tó jókòó?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kílípà wà lórí mi, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yẹn ò kúkú parọ́. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni baba dágbére fún Cagliari, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ítálì, ẹni ọdún 72, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni Roma, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú Róòmù, ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ti lé akọ́nimọ̀ọ́gbá méjì, ipò 12 ni wọ́n wà. Baba dìde. Ipò karùn-ún ló bá wọn parí sí. Ọmọ Róòmù ni, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù kó tó lọ gbá ẹ̀yìn fún Catanzaro ní ọdún bíi mẹ́jọ. Ta ló máa jókòó nígbà tí ilé baba rẹ̀ ń jó?

Àbí ojúkòkòrò ni. Mi ò mọ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, lẹ́yìn Leicester ní England, mi ò ní fojú kan pápá mọ́. Ẹ gba ife Premier League lọ́dún 2016, nígbà tí àwọn onítẹ́tẹ́ ti ní ẹni tó bá fi náírà kan ta tẹ́tẹ́ pé ẹ máa gbà á máa gba 5,000, oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà wọ́n lé yín! (Ahmed Musa wa náà, ìgbà tí oyin ti tán nínú afárá ló dé ibẹ̀.) Baba tún gbéra. Nantes. Fulham, tí kò lò tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lé e. Watford, bákan náà. Ìtìjú ò pa á. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí di 2025, tí orílẹ̀-èdè Ítálì pè é kó wá kọ́ ikọ̀ wọn, tó ní rárá, òun ti di olùbádámọ̀ràn ní Roma, ibẹ̀ lòun máa wà. Iṣẹ́ tó tóbi jù! Ó dùn mí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Òun ni mo ti ń fi ṣe àwáwí láti ọjọ́ yìí pé mi ò tíì fẹ́ jókòó, òun náà tún wá mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá.

Lẹ́tà kan tí mi ò tíì fèsì sí ṣì wà lábẹ́ rédíò. Ìyá Kẹ́hìndé ò bi mí mọ́, ó kàn ń nu eruku orí rédíò ju bó ṣe yẹ lọ...

Mi ò tíì sọ èyí fún yín: ọmọ yẹn kan náà ló dìde fún mi nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù. “Bàbá, ẹ jókòó.” Mo sì jókòó.

Iná ti dé. Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣáàjì fóònù.