Obìnrin tó ní kí òyìnbó lọ wá ògbufọ̀

Ògbufọ̀ ni mí ní kóòtù. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ẹlẹ́rìí, tí mò ń sọ Yorùbá di Gẹ̀ẹ́sì fún adájọ́, tí mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì di Yorùbá fún ẹlẹ́jọ́. Bí wọ́n bá bi mí léèrè akọni tí mo fẹ́ràn jù, orúkọ kan ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu: Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ará Abẹ́òkúta.

Àwọn ènìyàn á ní ìyá Fẹlá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi lọ́kàn. Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ màmá yìí lẹ́nu. Ó lọ kàwé nílùú òyìnbó ní 1919, ó padà dé ní 1922, ó sì ṣe tíṣà. Síbẹ̀, tó bá dé iwájú àwọn òyìnbó ìjọba, Yorùbá ló ń sọ sí wọn. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó lọ wá ògbufọ̀.

Ó yẹ kí ẹ rí ojú ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àwọn lọ́ọ́yà méjì ń fa Gẹ̀ẹ́sì mọ́ra wọn lọ́wọ́, n kò ráyè túmọ̀. Ojú ìyá oníṣòwò kan nínú àpótí ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ẹnu èkejì. Ó rọra fa apá aṣọ mi: “Ẹ jọ̀ọ́ màmá, ṣé wọ́n ti dá mi lẹ́bi ni?” Ojú yẹn ni Màmá Fúnmiláyọ̀ gbé kúrò lára àwọn obìnrin ọjà, tó gbé e wọ òyìnbó.

Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà. Nígbà tí owó orí dé Ẹ̀gbá, ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san tiẹ̀, ọmọkùnrin á pé 16 kó tó san. Kò sì sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀làjú ni màmá kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Nígbà tó di 1946, ó ti di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn ìyá ọjà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Màmá bọ́ gáùn sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá bíi tiwọn. Ní 1947, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ya lọ sí ààfin Aláké, ọba Ẹ̀gbá tó ń bá ìjọba gba owó orí náà, pẹ̀lú orin lẹ́nu. Owó orí obìnrin kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1948. Ní oṣù kìíní 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí oyè sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà wá ní 1950.

Láti ọjọ́ tí ìyá yẹn ti fa aṣọ mi, bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ń sáré jù, mo máa ń nawọ́ sókè. “Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ò tíì gbọ́.” Adájọ́ á gbé bírò sílẹ̀, gbogbo kóòtù á sì dúró dè é.