Inú òfì ni kọ̀ǹpútà ti wá, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́

Ilé aláṣọ òfì ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìsẹ́yìn, ìró ọkọ̀ òfì bàbá àgbà ló máa ń jí mi láàárọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo wá ń ṣe jẹun báyìí. Ó pẹ́ tí mo ti rò pé iṣẹ́ méjèèjì ò mọra wọn rí. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀, tí mo rí i pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè pa á mọ́ra.

Ìlú Lyon nílẹ̀ Faransé lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ sílíìkì. Láyé ìgbà yẹn tí wọ́n bá fẹ́ hun aṣọ olódòdó, ẹnì kan á jókòó ti òfì, ẹlòmíì á máa fa òwú sókè fún un bí àrà náà bá ṣe gbà, iṣẹ́ àṣelàágùn gidi ni. Nígbà tó di 1804, Joseph-Marie Jacquard ti gbé ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n ń gbé ka orí òfì, páálí tí wọ́n lu ihò sí ló ń darí ẹ̀. Ibi tí ihò bá wà, òwú á gòkè, ibi tí ò bá sí ihò, òwú á jókòó jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àrà míì, páálí lẹ máa pààrọ̀, ẹ ò ní tú òfì palẹ̀. Ihò wà, ihò ò sí: 1 àti 0 tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò títí dòní nìyẹn!

Ní 1839 wọ́n hun àwòrán Jacquard fúnra ẹ̀ sára sílíìkì, páálí tí wọ́n lò fún un tó 24,000. Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọ̀kan nínú àwòrán náà nílé, ó sì máa ń fi han àlejò. Irú páálí yẹn náà ló fẹ́ kó máa darí Analytical Engine, ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tó ń yà sórí ìwé, tí wọn ò sì kọ́ parí títí tó fi kú ní 1871. Ada Lovelace, obìnrin onímọ̀ ìṣirò tó kọ̀wé nípa ẹ̀rọ náà, ló wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ ní 1843, ó ní bí òfì Jacquard ṣe ń hun òdòdó àti ewé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ Babbage á máa hun ìṣirò. Mo ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́ta lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

Páálí oníhò yẹn náà ni Herman Hollerith fi ka àwọn ará Amẹ́ríkà níye ní 1890, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n pa pọ̀ tó di IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Ní 1928 IBM ṣe páálí tó ní òpó 80, lẹ́tà kan fún òpó kan, ìdí nìyẹn tí ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ fi ń gba lẹ́tà 80 lórí ìlà kan.



Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti òṣùpá. Kọ̀ǹpútà tó gbé àwọn Apollo 11 débẹ̀ ní 1969, híhun ni wọ́n hun iṣẹ́ tó máa ṣe sínú ẹ̀, ní Waltham ní Massachusetts, nílé iṣẹ́ Raytheon. Àwọn obìnrin ló hun ún, àwọn míì nínú wọn ti ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ tẹ́lẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni òwú wọn, òrùka irin kéékèèké ni wọ́n ń kì í bọ̀. Tí wáyà bá gba inú òrùka kọjá, 1 ni, tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, 0 ni. Ó ń gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò sì ju nǹkan bíi 72 KB lọ, fọ́tò kan ṣoṣo lórí WhatsApp sábà máa ń ju ìyẹn lọ. Àwọn ẹnjiníà kan wá ń pè é ní iṣẹ́ àwọn ìyá arúgbó, inú mi ò dùn sí i rárá, torí ẹni tó bá ti ka òwú rí mọ̀ pé ọpọlọ niṣẹ́ yẹn.

Mo sọ ọ́ fún bàbá àgbà nígbà tí mo délé. Wọ́n bi mí pé tí wọ́n bá ṣì í ńkọ́, ṣé wọ́n lè tú u. Mo ní tí wọ́n bá ti fi ike dì í pa, kò ṣeé tú mọ́, bó ṣe wà ló máa lọ sókè yẹn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé ọkọ̀ òfì wọn sílẹ̀, wọ́n wá ní "ẹ kúuṣẹ́ o", bí ẹni pé àwọn obìnrin náà ló jókòó síwájú wọn.