Ọ̀rọ̀ Aṣínà Kan fún Ènìyàn Márùn-ún

Fún ọdún mẹ́rin, ọ̀rọ̀ aṣínà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Utako, Abuja. Òun ló ń ṣí ímeèlì, òun náà ló ń ṣí ojú ìwé Facebook wa, a sì kọ ọ́ sára bébà kékeré tí a fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà, níbi tí oníbàárà tó bá jókòó ti lè kà á ketekete. Mo rò pé ìfọkàntán ni, torí pé abọ́ kan náà ni àwa márààrún ti ń jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wa fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Kano. Tayọ̀tayọ̀ la fi pínyà, n kò sì rántí pé ímeèlì ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní ṣíṣí lórí fóònù rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi jí fóònù náà. Olè yìí ka àwọn lẹ́tà wa, ó rí obìnrin kan tó ń dúró kí a fún òun ní iye owó káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì fi ímeèlì wa gan-an kọ̀wé sí i pé a ti pààrọ̀ nọ́mbà àkáǹtì. Ìyá náà san ₦185,000. Nígbà tó wá béèrè iṣẹ́ rẹ̀, tó sì fi lẹ́tà náà hàn mí, bí a ṣe máa ń kí oníbàárà gẹ́lẹ́ ni olè ṣe kí i: “Ẹ kú ìnáwó o, Mọ́mì.” Mo tẹ káàdì náà fún un láìgba kọ́bọ̀ mìíràn.

Àléébù ọ̀rọ̀ aṣínà àjọlò ni pé kò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé la tì síta. Nítorí ìyọnu yẹn la kì í fi í pààrọ̀ rẹ̀ rárá.

Ní báyìí, oníkálukú ló ní tirẹ̀. Gmail fàyè gba ẹni tó ni àpótí lẹ́tà láti yan ẹlòmíràn tí yóò máa ka lẹ́tà, tí yóò sì máa fèsì, láti inú ímeèlì tirẹ̀, láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà wa; orí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣètò rẹ̀. Facebook náà gbà kí a fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ lórí ojú ìwé. Àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà yòókù wà nínú Bitwarden, àpótí tó ń tọ́jú wọn pa mọ́, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni èèyàn ní láti há sórí láti ṣí i.

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni kó gùn. Àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà ti gbà wá nímọ̀ràn pé gígùn ló ń dáàbò boni ju kí a kàn máa ki àmì àti nọ́ńbà bọ̀ ọ́, àti pé kò yẹ kí a máa fi dandan pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè bí kò bá sí àmì pé ó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Gbólóhùn Yorùbá tí kò bára mu, tí kì í ṣe òwe tàbí orin tí gbogbo ayé mọ̀, dára púpọ̀. Ẹ sáà tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn, kí ó má baà há yín lẹ́nu lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ẹ fi ìdènà kejì kún un, ìyẹn kóòdù tí wọ́n á béèrè lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà, èyí tí áàpù inú fóònù ń pààrọ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ó sàn ju èyí tó ń wá nípa tẹ́ẹ̀sì, nítorí ẹni tó bá fi ẹ̀tàn gba láìnì yín ti gba kóòdù náà nìyẹn, áàpù yìí sì ń ṣiṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Google máa ń fúnni ní kóòdù àpamọ́ 10 fún ọjọ́ tí fóònù bá sọ nù. Mo tẹ tiwa sórí bébà, mo sì tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Mo ṣí àyè tirẹ̀ fún un, mo sì kọjú sí ògiri nígbà tó ń tẹ gbólóhùn rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n dòní.